Ẹnì Kan Tó Ń Pè É Ní Ìwọ

Nígbà tí Lọ́yà gbé wíìgì àti aṣọ dúdú rẹ̀ wálé, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, ọ̀wọ̀ náà ni kò sì jẹ́ kó rẹ́ni bá ṣeré mọ́. Ó ti ka òfin ní yunifásítì títí ojú fi ń dùn ún. Ó ti gbé báàgì tẹ̀lé lọ́yà àgbà kan ní ìlú ńlá títí èjìká rẹ̀ fi fẹ́ bọ́. Ó wá gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó gbé tábìlì síbẹ̀, ó ń retí ẹjọ́.

Ẹjọ́ dé. Èèyàn ni kò dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n dàgbà ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Tó bá dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu wọn.

Káfíńtà nìkan ló kù. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì ka wíìgì ẹnikẹ́ni sí.

"Ìwọ Olórí Kunkun," á ní, "dìde lórí pákó mi, kí o má fi ṣòkòtò kóòtù bá mi gbálẹ̀."

Lọ́yà á jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ nírọ̀lẹ́, á gba èébú yó kó tó lọ sílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èébú yẹn nìkan ló kù tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn lòun.

Àfi bí òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣe wó lu obìnrin kan tó ń ránṣọ, tó ṣẹ́ ẹ lápá ọ̀tún. Káfíńtà ló kan òrùlé náà. Kò sí lọ́yà mìíràn nílùú, Lọ́yà kò sì lè lé ẹni tí apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì padà. Ó lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ṣe iṣẹ́ ẹ," ni Káfíńtà wí. "Ṣé èmi ni mo ní kí o kàwé ni?"

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọn ò sọ ti ẹni tó jẹ́ pé kóòtù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé, Lọ́yà dìde. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kan òrùlé yìí?"

Káfíńtà bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin wo? Èmi nìkan ni mo dúró síbí o, Olórí Kunkun."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Káfíńtà dáhùn, kó sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín ń pa Lọ́yà náà, ó gbé e mì. Ó gbé pákó tó wó náà sókè. "Ṣé ẹ rí i pé ikán ti jẹ ẹ́ kí ẹ tó kàn án?"

Káfíńtà wo pákó, ó wo apá obìnrin náà. Ó kọjú sí Lọ́yà.

"Mo rí i, sà."

Obìnrin náà jàre. Ó tọ́ sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Lọ́yà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ọkùnrin náà dìde, ó fi aṣọ nu àga kan, ó gbé e wá.

"Ẹ jókòó, sà."

"Jọ̀ọ́, bú mi," ni Lọ́yà wí. "Èyí tó bá wù ẹ́ ni kí o sọ."

"Mi ò bínú. Òótọ́ lẹ bi mí. Ẹnu mi ni ò gbà á mọ́."

Lọ́yà jókòó. Káfíńtà kò jókòó. Ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, títí Lọ́yà fi dìde tó ń lọ.