Ìgbéyàwó Tí Mo Fi Kún Ìtàn Màmá

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ní ọ́fíìsì wa kò le. Ìlú kékeré tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìtàn, tó sì ń wá ẹni tó máa bá wọn fowó sí i, á gba ohùn àgbà tó ń pa ìtàn nílùú wọn sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi á ki ẹ̀rọ bọ etí, mà á tẹ ohun tí mo bá gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbìmọ̀ á kà á, wọ́n á sì mú ìlú kan ṣoṣo tí wọ́n máa fún lówó lọ́dún. Òfin ọ̀gá mi obìnrin ò ju ẹyọ kan lọ: "Ohun tí etí gbọ́ ni kí ọwọ́ tẹ̀. Ẹlẹ́nu ló ni ọ̀rọ̀, ìka lásán ni ìwọ."

Ọkùnrin káfíńtà kan ló gbé ohùn ìyá ìyá rẹ̀ wá, nínú fóònù tí ojú rẹ̀ ti là. Lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì gbàgbé láti gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aǹtí akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Màmá ní bí àwọn bá ti pa ìtàn yìí níwájú gbogbo ìlú, ó tán, kí ikú máa bọ̀."

"Ṣé àwọn ló kọ́ ẹ pé kó o máa fi ikú bẹ èèyàn?"

"Rárá o. Ìtàn ni wọ́n kọ́ mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fúnra mi kọ́."

Ìtàn náà dá lórí obìnrin kan tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, tó lọ wá ohun tó máa fi gbé e níyàwó. Obìnrin náà jókòó sétí omi, ó ń retí. Ó jókòó títí irun rẹ̀ fi funfun. Ọkọ̀ ò dé. Ibẹ̀ ni Màmá dákẹ́ sí. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́, mo gbọ́ tí àga dún, ó parí.

Èmi tí mo ti ń ka ìwé ìfẹ́ láti ilé ìwé, tí mò ń fi ìwé ìṣirò bò wọ́n mọ́lẹ̀, ọkàn mi ò gbà á. Àní irun funfun! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ọwọ́ mi bá ń lọ fúnra rẹ̀: Ọkọ̀ dé. Ọkùnrin náà fò sínú omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ó sáré di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó di ọjọ́ keje, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Gbólóhùn mẹ́ta péré. Mo sunkún ayọ̀. Ó sì wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn mi pé bí ìtàn náà bá dùn, wọ́n á rí owó gbà, Káfíńtà á sì mọ̀ pé èmi ni.

Wọ́n rí owó gbà. "Ìgbẹ̀yìn ìtàn yẹn pa mí lẹ́kún," ni ọ̀gá mi wí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ìwé ìlú náà kí àwọn ọmọ lè kọ́ ọ. Káfíńtà wá ń pè mí ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, ó ní, "Akọ̀wé mi." N ò tíì rí oyin tó dùn tó "mi" yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dúpẹ́ ló ń ṣe mí bíi pé mo ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ ìtàn pé, mo lọ kí wọn nílé. Káfíńtà ń fá pákó tí wọ́n máa fi ṣe pèpéle. Màmá jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan ń ka ìtàn létí wọn.

"Ọkọ̀ dé!" ni ọ̀kan kígbe.

Màmá gbójú sókè. "Kí lo wí?"

"Ọkọ̀ dé, Màmá. Ó wà nínú ìwé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n bi í léèrè bí ẹni tó wọ yàrá tí kò rántí ohun tó wá mú. "Àrùn ìgbàgbé ti dé nìyẹn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, tí kò fi mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ẹ wá ẹlòmíì o. N ò ní jáde lọ sọ ìsọkúsọ níwájú ọmọdé."

"Ọjọ́ orí ni, Màmá. Ta ni kì í gbàgbé?" Káfíńtà wò mí, kí n bá òun fi ọ̀rọ̀ tù wọ́n nínú.

Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ mi wà, owó wọn wà, ọkùnrin yìí wà. Ọpọlọ Màmá nìkan ni mà á fi san án.

"Ẹ ò gbàgbé, Màmá," ni mo wí, orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Èmi ni mo fi kún un."

Wọ́n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá gbẹ. "Nítorí kí ni?"

"Ó dùn mí pé kò dé, Màmá."

"Ó dùn ẹ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá mi ni obìnrin yẹn. Inú rẹ̀ ni mo wà nígbà tó ń wo omi. Ọgọ́rin ọdún ni mo fi ń wá bàbá mi, ìwọ wá fi ìka mẹ́wàá gbé e wálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. O káre."

Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?" Ó tún mú ìfági, ó ń fá pákó lọ.

Níbẹ̀ náà ni mo ti pe ọ̀gá mi, tí mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ìtàn gidi lẹ́nu ìyá náà, a ò ní gba owó náà padà lọ́wọ́ ìlú wọn. Ìwọ ní tìẹ, má wá sí ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè."

Ọjọ́ pé. Màmá gorí pèpéle. Ojú ibi tí Káfíńtà wà ni mi ò lè wò. Ìtàn náà dé etí omi. "Ó jókòó," ni Màmá wí, "títí irun rẹ̀ fi funfun."

Gbogbo ọmọ ilé ìwé dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọkọ̀ dé!"

"Kò dé," ni Màmá wí.

"Ó déé!" Wọ́n ń fò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Màmá tún la ẹnu, a ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ìgbìmọ̀ ń wo ara wọn.

Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. "Kò dé!" Ohùn mi ya. "Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé yín. Èmi ni. Ọkọ̀ náà ò dé rárá!"

Àwọn ọmọ ò fò mọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan bú sẹ́kún. Màmá ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n dúró kí ẹkún náà rọlẹ̀, wọ́n sì ń bá ìtàn wọn lọ. Àwọn ọmọ yòókù ò yé yíjú wò mí, bíi pé èmi gan-an ni mo dúró létí omi, tí mo lé ọkọ̀ náà padà.