Àlàáfíà Dé Ilé Búrẹ́dì

Ahọ́n òun eyín kì í yéé jà, bẹ́ẹ̀ inú ẹnu kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni awakọ̀ ilé ìwòsàn wí. Búrẹ́dì tí wọ́n kó fún un láàárọ̀ ló kó padà dé yẹn. Máníjà mú ọ̀kan, ó bù ú sí méjì. Èèpo rẹ̀ pọ́n dáadáa, àmọ́ inú rẹ̀ ṣù pọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àtè. Awakọ̀ ní àwọn tó ń dáná fún aláìsàn ò bínú o. Wọ́n kàn ní bí ó bá tún rí báyìí, àwọn á wá ibòmíràn rà.

"Ẹ má bínú, Màdáámù. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ilé ìwòsàn yìí ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń yan. Bí ó bá lọ, ààrò kan á kú, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ á sì relé. Ohun tí kò yé Máníjà ni pé ilé búrẹ́dì náà kò tòrò tó báyìí rí.

Àwọn méjì ló di ibẹ̀ mú. Àgbàlagbà tó ń po ìyẹ̀fun, Bàbá Sùúrù, gbà pé ohun tí a pò gbọ́dọ̀ sinmi títí á fi wú tán. Iná-ń-jó tó ń yan án gbà pé búrẹ́dì tí kò bá tètè dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, òkúta ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lórí ọpọ́n. Iná-ń-jó á ní ó ti tó. Bàbá á ti ìka bọ̀ ọ́, á ní kò tíì tó, ṣé ẹyin ló fẹ́ fọ́ kó tó rí òròmọdìẹ ni? Iná-ń-jó á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Sùúrù baba ìwà, àgbà tí í fi òwúrọ̀ wẹ̀wù, tí í fi alẹ́ de bọ́tìnnì, bí àwọn bá dúró dè é, ara àwọn aláìsàn á ti yá, wọ́n á ti relé kí búrẹ́dì tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín. Oníkálukú á tún ti ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tó bá pẹ́, wọ́n á fi ìbínú gbé e sínú ààrò.

Ariwo náà sú Máníjà. Ó bẹ̀ wọ́n, ó gbà á ládùúrà, kò tán. Ló bá pín wọn níyà: kí Bàbá wá lọ́sàn-án, kó pò ó, kó bò ó, kó máa lọ, kí Iná-ń-jó wá nírọ̀lẹ́, kó yan án. Àwọn méjèèjì dúpẹ́. Òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àlàáfíà dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí búrẹ́dì padà wálé, ó dúró nídìí ọpọ́n. Òjò ti rọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo ilé tutù. Iná-ń-jó wọlé, ó kí i, ó ṣí aṣọ, ó nawọ́ sí páànù.

"Ṣé ó ti tó?" ni Máníjà bi í.

"Bàbá ló pò ó, Màdáámù. Bí kò bá ní í tó, wọn ò ní fi sílẹ̀ lọ."

Lọ́sàn-án, nígbà tó bi Bàbá ní ìbéèrè yìí kan náà, ó ní Iná-ń-jó á sáà wò ó kó tó gbé e síná. Máníjà ti ìka bọ ìyẹ̀fun. Ojú ibẹ̀ ta padà wéré: kò tíì wú tó nínú òtútù yẹn. Ó wá hàn sí i pé láti ìgbà tí ìjà ti tán, kò sẹ́ni tó tún ti ìka bọ̀ ọ́ wò. Ó ti rò pé iṣẹ́ olórí ni kó mọ ẹni tó jàre. Àwọn méjèèjì ló jàre, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ó ní kí Iná-ń-jó ní sùúrù díẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ bá Bàbá nílé. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó dáhùn.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá rẹ̀ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹ fẹ́ fi í ṣe ọ̀gá mi?"

"Rárá. Èyíkéyìí nínú yín tó bá borí èkejì, búrẹ́dì á bàjẹ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká yéé jà."

"Èmi náà ni."

Bàbá wo iwájú lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín àwọn níyà ni òun ti ń sùn dáadáa, dókítà pàápàá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wálẹ̀. Máníjà mọ̀ pé òótọ́ ni.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ wá bá mi sọ fún un pé kò tíì tó."