Ọjọ́ Tí Oòrùn Ràn Sórí Pápá

Láti àárọ̀ tí oòrùn ti yọ ni àyà Ìyá Labalábá ti ń já. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ méjì. Òun ń bẹ ìkúùkù pé kó padà wá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́lé sí i, kó sọ irú ẹ̀dá tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Labalábá, bẹ́ẹ̀ irú àfòpiná kan ló ń wá. Èyí kò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń forí gbá gílóòbù: ọ̀sán gangan ló ń fò, bí ìkúùkù bá sì bo oòrùn, kò ní gbéra. Kò lẹ́nu tó lè fi jẹun. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ń lò lẹ́yìn tó bá hu ìyẹ́, ó parí. Ilé, títì àti oko ti jẹ pápá rẹ̀ ku mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kí ìyá yìí rin pápá tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí nínú oòrùn. Ọ̀gá ń kánjú, òjò ń ṣú. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀kan nínú ìkúùkù, ó kọ ẹ̀ẹ̀mẹrin sínú ìwé, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá.

Nígbà tó fi dé pápá, katakata ti ń kùn létí ibẹ̀. Ó wọ inú koríko. Àfòpiná kan fò. Òmíràn fò. Kó tó mí, wọ́n ti tó ogún, akọ ni gbogbo wọn, wọ́n ń wá abo tó jókòó sídìí koríko, tí kò lè sá fún ohunkóhun. Bó bá dákẹ́, wọ́n á hú gbogbo wọn mọ́ ilẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún lọ nìyẹn, tòun ti orúkọ.

Katakata gbéra. Kò mọ ìgbà tí òun dúró níwájú rẹ̀.

Awakọ̀ yọrí síta. "Ìyá Labalábá, àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ẹ mọ ibi tó ń já sí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà."

"Wo ẹsẹ̀ mi."

Ó wo àwọn àfòpiná tó ń fò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa ìwé yọ lápò, ó kà á. "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbí. Ọ̀lẹ wo ló kọ eléyìí, mà?"

Ẹ̀rù ba Ìyá Labalábá débi pé kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. "Èmi ni. Bá mi pe ọ̀gá."

Ó fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó lè jókòó sí tí kò ní tẹ ọ̀kan pa.