Ọkùnrin Onífìlà Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Irin

Nígbà tí Gbémi padà dé láti ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìkirè, yàrá kejì ilé rẹ̀ ti ṣófo. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó máa ń fi ṣe koríko ló kù tó fọ́n ká sílẹ̀, ipa bàtà sì hàn nínú rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Rélùwéè rẹ̀ ti lọ.

Kì í ṣe rélùwéè tí èèyàn ń wọ̀ o. Àwòṣe ni, lórí pátákó tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya lọ. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni Gbémi ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Festac. Òun àti Ọlábọ̀dé, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ iná oòrùn ṣe, tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ni wọ́n jọ ṣe é. Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín wọn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 2 ni àwọn méjèèjì kì í ti í lè rí i kí wọ́n má dúró wò ó, ohun tó sọ wọ́n dọ̀rẹ́ nìyẹn. Ọlábọ̀dé ló to irin kéékèèké náà, òun ló fa wáyà, òun ló mú kí ọkọ̀ máa sáré. Gbogbo ohun yòókù, ọwọ́ Gbémi ló ti wá.

Ohun yòókù ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Páálí ni Gbémi gé tó fi kọ́ àwọn ilé alájà Festac, ó ta okùn sí ẹ̀yìn wọn, ó sá aṣọ tí kò ju èékánná lọ sórí okùn náà. Ó lọ́ wáyà pọ̀ bí igi, ó ya fóòmù tìmùtìmù sí wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ láró aláwọ̀ ewé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan títí ó fi di igi máńgòrò. Gọ́ọ̀mù tó ń dán ló ń dà sínú kòtò odò, á jẹ́ kó gbẹ, á tún da òmíràn lé e, títí omi náà fi jìn lójú. Ó kun páànù òrùlé ní àwọ̀ ìpẹtà. Ní Mazamaza, ó to àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò tó fi pákó gbẹ́, ẹrù gogoro lórí wọn. Ọdún mélòó kan ló fi ṣe é. Ìyá rẹ̀ tó kú yìí wá sí Èkó nígbà kan, ó jókòó ti pátákó náà, ó sì béèrè ilé tí ọmọ òun ń gbé nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Gbémi fi hàn án.

Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá Àǹtí Juliana, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì ní ìsàlẹ̀ ilé, tó máa ń bá a tọ́jú kọ́kọ́rọ́.

"Àǹtí, ta ló wọ ilé mi?"

"Bọ̀dé mà ni," ni Juliana wí. "Ó ní o ní kí òun wá gbé e, pé ẹ fẹ́ lọ tún un ṣe. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Àbí ìwọ kọ́ lo rán an ni?"

Fírísà ńlá kan tó ń dán gbinrin ni Gbémi ń wò lẹ́yìn obìnrin náà. Kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Ìkirè. Ó wo fírísà, ó wo Juliana, ó sì parí èrò rẹ̀ síbẹ̀: wọ́n ti fi fírísà ra obìnrin yìí.

Ọlábọ̀dé kò gbé fóònù. Ẹnu ará ṣọ́ọ̀ṣì ni Gbémi ti gbọ́ pé rélùwéè náà ti wà ní ibi ìṣeré ọmọdé tí Alhaji Yẹ̀kínì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ó lọ síbẹ̀. Ó bá a láàárín gbọ̀ngàn, àwọn ọmọdé yí i ká. Àkọlé kan wà lára ògiri: *Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlábọ̀dé.* Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wà nídìí rẹ̀, ó dé fìlà pupa tó máa ń dé lọ síbi gbogbo, èjìká rẹ̀ òsì sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń rọ̀.

"Bọ̀dá Bọ̀dé, kí lẹ ṣe yìí?"

Ó fà á sí kọ̀rọ̀. "Gbémi, jọ̀ọ́, má jẹ́ ká pariwo níbí. Ohun tó ń sáré ni wọ́n ń wá wò, èmi ni mo sì ṣe ohun tó ń sáré. Koríko lásán lo lẹ̀ mọ́ ọn."

Koríko lásán. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju olè jíjà náà fúnra rẹ̀ lọ. Aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ọlábọ̀dé kò sì béèrè bí ìsìnkú ṣe lọ.

Ó fẹjọ́ sun àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní àmín, ó sì dìde, ṣùgbọ́n kò fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó gbé e sínú. Bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní àwòrán yíyà, ojú Ọlábọ̀dé ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yà sí etí ìwé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, á kí i, "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá," ohùn rẹ̀ á tutù bí omi àmù. Ọkùnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Bó ṣe pẹ́ díẹ̀, Alhaji ní òun fẹ́ kí rélùwéè náà gùn sí i. Ó fẹ́ kí ó dé Ijegun-Egba, kí irà àti igi etí omi hàn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé páálí bíi mélòó kan ti ń ṣí kúrò nílẹ̀, nítorí wọ́n gbé pátákó náà ní ìgbékúgbèé lọ́jọ́ tí wọ́n jí i. Ọlábọ̀dé gbìyànjú láti ṣe igi kan. Ó dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè. Ó ṣe odò, odò náà hó bí ọṣẹ. Ló bá wá kan ilẹ̀kùn Gbémi.

"Àbúrò mi," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Jẹ́ ká gbàgbé ohun tó ti kọjá. Wá bá mi fi ọwọ́ sí i. Màá sọ fún Alhaji pé o ràn mí lọ́wọ́."

Gbémi wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò burú, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ n máa bọ̀ lẹ́yìn iléèwé."

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sí Amúwo. Ó ṣe irà Ijegun-Egba débi pé Alhaji fi ìka kàn án, kó lè mọ̀ bóyá á tutù. Ó ṣe àwọn ilé kéékèèké, ó ṣe ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti télọ̀, ó gbin esùsú sí etí omi. Ọlábọ̀dé á wá wò ó, á ní, "Ọwọ́ rẹ ṣì wà níbẹ̀," á sì tún lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ká Gbémi lára jù wà ní apá Festac, ní ẹ̀yìn ilé alájà kan tó wà níwájú ibùdókọ̀ gan-an. Ilé tirẹ̀ ni, èyí tó fi han ìyá rẹ̀. Ọlábọ̀dé ti ṣètò wáyà kí ọkọ̀ ojú irin máa dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú. Gbémi lọ́ wáyà tín-ín-rín, ó fi pí-ó-pì, ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, bò ó, ó gbẹ́ ojú àti imú sí i pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó di ère ọkùnrin kékeré kan. Ó rọ èjìká òsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó dé e ní fìlà pupa. Ó fi pátákó kékeré kan sí i lọ́wọ́, ó sì to irin tó dà bí irun orí sórí pátákó náà, pẹ̀lú koríko díẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbé e sínú mọ́tò akẹ́rù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, Gbémi gbé obìnrin kan dúró tó ró ìró aláwọ̀ ọsàn, tó di kọ́kọ́rọ́ mú, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ ìró tí Juliana máa ń ró ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Kò kánjú. Bó ṣe ń kun fìlà náà, ó ń gbádùn rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ àdídùn. Nígbà tó parí, ó fi igi máńgòrò ńlá kan bò wọ́n lójú, igi tó ṣeé fà yọ.

Alhaji fẹ́ ṣe àpèjẹ fún rélùwéè tuntun náà. Ó ra kámẹ́rà kékeré kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ó ní kí Ọlábọ̀dé dè é mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ohun tí ọkọ̀ bá ń rí máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Nígbà tí Gbémi gbọ́ èyí, ó ní àfi bíi pé ẹnì kan ń bá òun ṣe é. Ó fúnra rẹ̀ lọ pe Juliana. "Àǹtí, ẹ wá bá mi yọ̀. Ẹ ró ìró aláwọ̀ ọsàn yín tó dára." Obìnrin náà ṣàdúrà fún un.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, Ọlábọ̀dé wọ aṣọ tuntun. Kó tó di pé wọ́n tan iná, Gbémi rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà bí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, ó sì fa igi máńgòrò náà yọ.

Ọkọ̀ gbéra ní Mile 2. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ó dà bíi pé èèyàn ló jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n kọjá Mazamaza, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nawọ́ sí ibi tí wọ́n mọ̀. Ọkọ̀ wọ Festac, ó sì dúró. Ọkùnrin onífìlà pupa kan tóbi lójú tẹlifíṣọ̀n bí èèyàn gidi, rélùwéè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nínú mọ́tò.

Ọmọbìnrin kékeré kan béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé, "Kí ni ọkùnrin yẹn ń gbé sá lọ?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ara tẹlifíṣọ̀n sí fìlà tó wà lórí Ọlábọ̀dé. Ó ti gbé ọwọ́ lé fìlà náà kó tó mọ̀.

"Rélùwéè mi ló ń gbé," ni Gbémi wí. "Ilé mi nìyẹn. Ìyá mi ni mo lọ sin tó fi wá jí i. Koríko lásán ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Alhaji wo Ọlábọ̀dé. "Ṣé òótọ́ ni?"

Àwọn èèyàn ti ń fi fóònù ya ojú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà náà ni Juliana dìde láàárín èrò, ìró aláwọ̀ ọsàn lára rẹ̀, ó ń nawọ́ sí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi nìyẹn, Gbémi? Èmi ni mò ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín?"

"Fírísà yín ńkọ́, Àǹtí?" Gbémi ò tíì fẹ́ kí adùn ẹ̀san náà bọ́ lẹ́nu òun. "Ta ló rà á?"

"Ọmọ mi ló rà á fún mi." Ohùn obìnrin náà kò lọ sókè rárá. "Adéyọ̀sọ́lá ló rà á. Láti Ìkirè lo ti bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù, ní ọ̀sẹ̀ tó gbé e wá."

Gbémi rántí pé òun bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ náà, ó dúpẹ́, kò sì gbọ́ ohun tí ẹni náà ń sọ, nítorí ọ̀fọ̀ ti kún etí rẹ̀.

Ọlábọ̀dé ló dá sí i. "Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Mo parọ́ fún un pé Gbémi ló rán mi. Èmi nìkan ni."

Ohun tó bí Gbémi nínú jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé ẹnu olè ni ó ti gbọ́ òótọ́ tí òun kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ fún òun láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tó fi wo ẹnu ọ̀nà, Juliana ti jáde.

Alhaji já àkọlé ara ògiri náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Gbémi sí ibẹ̀. Bí Ọlábọ̀dé ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbémi, ó ní, "Ó ti tó, Gbémi. Bá mi yọ ère yẹn kúrò."

"Ìwọ kọ́ lo máa sọ fún mi pé ó ti tó," ni Gbémi dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò tíì sọ "ìwọ" sí i rí. Ó rí i pé ó dun ọkùnrin náà.

Fídíò náà tàn káàkiri Festac. Àwọn tó ń pe Ọlábọ̀dé wá tún iná ṣe kò pè é mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní "Rélùwéè" bó bá ń kọjá. Ó kó lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú. Alhaji bẹ Gbémi lẹ́ẹ̀kan pé kó yọ ọkùnrin onífìlà náà, nítorí ó ti jìyà tó. Gbémi kọ̀. Kò sí àánú kankan nínú rẹ̀ fún un, kò sì díbọ́n pé ó wà.

Ère obìnrin tó di kọ́kọ́rọ́ mú nìkan ló yọ. Ó fi abẹ ṣí i nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e lọ bá Juliana, ó kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo fẹ̀sùn èké kàn yín."

"Mi ò bínú," ni Juliana wí. Kò gba ère náà. Ó na kọ́kọ́rọ́ ilé Gbémi sí i. "Ṣùgbọ́n wá ẹlòmíràn tó máa tọ́jú èyí."

Ó yíjú sí oníbàárà tó ń dúró, ó sì béèrè bóyá búrẹ́dì ńlá ló fẹ́ tàbí kékeré.