Alùpùpù Tí Kì í Kọjá Ilé Búrẹ́dì

Èmi kì í ṣe onísùúrù, mi ò sì ní í purọ́ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí omi bá wà lórí iná, èmi ni mò ń ṣí ìdérí wò ó kó tó hó. Ohun tó jẹ́ kí n ra alùpùpù náà nìyẹn, torí ara mi ò gba kí n máa dúró de ọkọ̀ èrò. Irú èyí tí èèyàn ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ síwájú bí ẹni jókòó sórí àga ni. Kò tóbi jù, kò sì kéré, ó lè gbé èmi àti ẹrù ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé mi láìjanpata, àfi ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ló bá di pé kò lè kọjá ilé búrẹ́dì mọ́.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Láàárọ̀, màá tẹ̀ ẹ́, yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀. A ó gun afárá, a ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa báyìí, yóò wúkọ́, yóò fà tìkọ̀, yóò sì kú. Màá tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn. Ìgbà tí mo bá bú u tẹ́rùn, tí mo sì ti dúró fúngbà díẹ̀, yóò tún jí, bí ẹni pé òun kọ́ ló kú. Àwọn tó ń tò láti ra búrẹ́dì ti mọ̀ mí. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá ebi ló ń pa á.

Ká ní ibòmíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ni, ǹ bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi ni mò ń ṣí géètì ní kùtùkùtù, kí àwọn òbí tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ tó gbé ọmọ wọn dé. Ẹni tó bá sì ní kọ́kọ́rọ́ ló ni yàrá àwọn ọmọ ọwọ́, yàrá tí mo ti ń tọrọ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó fi fún mi. Nígbà tó wá di pé àwọn òbí ń bá géètì ní títì léraléra, tí wọ́n ń gbé ọmọ dúró nínú òjò, ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn mi, àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣí géètì. Tí àwọn òbí bá tún bá a ní títì lọ́jọ́ Ajé, àwọn á gba kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn.

Ẹ lè ní kí n máa wọ ọkọ̀ èrò, àmọ́ ọkọ̀ kì í tètè dé àdúgbò wa. Ẹ lè ní kí n máa jáde ṣáájú àsìkò. Ta ni yóò wá bá bàbá mi di bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn?

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Púlọ́ńbà ni wọ́n, ihò ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn bá jà. Ọwọ́ náà kò lè di páìpù mú dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń rí ihò, tí wọ́n bá sì ti rí ihò, ara wọn kì í gbà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ẹ̀rọ omi ilé ìdáná kò kán tó mọ́, atẹ́gùn kò gba abẹ́ fèrèsé wọlé mọ́, kódà wọ́n yọ́ àbẹ́là, wọ́n fi dí ike ìfọṣọ mi tó ti là. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á mú àkísà, wọ́n á jókòó ti alùpùpù mi, wọ́n á máa nù ún. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn lè ṣe nìyẹn, kí àwọn má baà di ẹrù sí mi lọ́rùn. Mo máa ń ní kò sóhun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n òkèèrè ni mo ti ń sọ ọ́, torí mò ń sáré.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa. Fọkànbalẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà nìyẹn. Kò sóhun tó ń bí mi nínú tó kí wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó yẹ bátìrì wò. Ó rọ epo díẹ̀ sí i, ó gùn ún yí àdúgbò ká, ó sì gbé e padà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́wọ́ tirẹ̀, kì í kú. Ó ní sùúrù ni wọ́n fi ń gun alùpùpù. Mo ní bó bá jẹ́ pé mo ní sùúrù ni, ẹsẹ̀ ni ǹ bá máa fi rìn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ mi kò gbélẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo tẹ alùpùpù, mo pa á, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo da etí sí i. Bàbá mi ń wò mí. Wọ́n ní ká ní páìpù ni, àwọn ì bá ti mọ ibi tó ti ń jò. Mo dá wọn lóhùn pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi. Ẹnu mi le. Wọ́n mú àkísà, wọ́n ń nù ún lọ. Mo rí i pé ó dùn wọ́n, síbẹ̀ mo kọjá lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tún kú síwájú ilé búrẹ́dì.

Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Ó wá sí mi lọ́kàn pé Fọkànbalẹ̀ ti fa epo mi lọ. Mo gbé ìjókòó sókè, mo dì mọ́ ìdérí táǹkì. Kò fẹ́ ṣí, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti inú. Nígbà tó máa ṣí, ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde látinú omi. Epo wà níbẹ̀. Mo tẹ alùpùpù, ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo yí ìdérí náà wò. Ihò tíńtín kan wà lórí rẹ̀, ihò náà sì ti dí. Mo fi èékánná họ ọ́, nǹkan funfun jáde: àbẹ́là. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán, wọ́n sì nu etí rẹ̀ mọ́. Bí epo ṣe ń jáde nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó máa gba ihò yẹn wọlé rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ihò ti dí, tí a bá ti dé ilé búrẹ́dì, epo kì í lè sàn mọ́, àfi tí mo bá dúró tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ yọ́ wọlé. Ìgbàkigbà tí Fọkànbalẹ̀ bá ṣí i láti rọ epo, ó ń fún un ní èémí láìmọ̀. Bàbá mi sì rèé, wọ́n ti fún alùpùpù mi lọ́rùn.

Mo yọ yẹtí mi, mo fi ẹnu rẹ̀ gún àbẹ́là náà títí ihò fi là, mo sì fò gùn ún.

Ọ̀gá wa ti dúró sẹ́nu géètì nígbà tí mo dé, ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ sì dúró tì wọ́n. Bàbá ọmọ kan ń bọ̀ lókèèrè, ó gbé ọmọ rẹ̀ léjìká. Mi ò tiẹ̀ ṣí akoto lórí kí n tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n bá mi ti géètì ṣí. Ẹnì kejì kí mi kú iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ò dùn.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń nu imú ọmọ ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa bá bàbá mi sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo bá tò tán máa ń le ju ti ìṣáájú lọ, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Mo délé, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, àkísà wà lọ́wọ́ wọn. Oúnjẹ tí mo dé sílẹ̀ fún wọn láàárọ̀ ṣì wà ní dídé. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi béèrè.

"Ṣé ó débẹ̀?"

Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tú ìdérí táǹkì, mo jókòó tì wọ́n, mo fi í sí wọn lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ihò yìí ni alùpùpù fi ń mí. Tó bá ti dí, á kú."

Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Àbẹ́là díẹ̀ ṣì kù létí rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ihò náà rí.

"Èmi ni mo dí i," ni wọ́n wí. "Mo rò pé òjò á gba ibẹ̀ wọlé."

Mo ní mo mọ̀. Wọ́n béèrè bóyá ọ̀gá ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo yọ ọ́ jáde kí wọ́n rí i. Wọ́n wá ká àkísà wọn, wọ́n rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn ò ní í fọwọ́ kan alùpùpù náà mọ́. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Mo mú àkísà náà, mo dá a padà sórí ẹsẹ̀ wọn.

"Eruku àti ẹrẹ̀ náà lè dí i. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣọ́ ihò yẹn, láràárọ̀, kí n tó gùn ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Látijọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ rí pé kí n dá ihò sí."

Báyìí, láràárọ̀, tí mo bá ti bá wọn di bọ́tìnnì tán, wọ́n á ní kí n gbé ìjókòó sókè. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì tú ìdérí, wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn gba ihò náà. Ó máa ń pẹ́, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í tètè rí ojú ìdérí. Èmi á ti dé akoto, màá ti gbé àpò kọ́ apá, màá máa ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Mi ò ní í gbà á lọ́wọ́ wọn. Màá dúró títí wọ́n á fi gbójú sókè, tí wọ́n á sì sọ fún mi pé ó ń mí.