Kíráńkì Tó Dúró ní Kọ̀rọ̀ Yàrá

Mẹkáníìkì kan ti nu ọrùn kẹta kíráńkì gbẹ, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, níbi tí bíárìn, awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, máa ń dì mọ́, kí bàbá rẹ̀ tó fa àga sún mọ́ ọn. Ó fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ irin náà díẹ̀díẹ̀. Èékánná há sínú ilà kan.

"Ojú irin yìí ti jẹ, Bàbá."

"Irọ́! Gbé e wá." Arúgbó náà, tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ṣe, fi èékánná tirẹ̀ wọ́ ọ. "Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun."

"Èékánná yín ti nípọn bíi pátákò, kí ló fẹ́ mọ̀?"

"Ọmọ yìí, èmi ni mo kọ́ ẹ o!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ láìwọ̀n."

 Ọkọ̀ tí Bàbá fi gbé ìyàwó rẹ̀ wálé ló ni ẹ́ńjìnnì yìí. Láti ọdún mọ́kànlá tí obìnrin náà ti kú ni kíráńkì ti wà ní ìnàró ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, Bàbá fi gíríìsì kùn ún, ó sì fi ìró olóògbé wé e. Àwọn aládùúgbò ní ó ti fi irin ṣe ìyàwó kejì. Ilé iṣẹ́ kò sì ṣe irú kíráńkì náà mọ́. Bí kò bá ṣeé lò, onírin àlòkù ni yóò kó ẹ́ńjìnnì lọ.

Ọmọ náà mú irin ìwọ̀n. Ó wọ̀n ọrùn kẹta lóròó, ó wọ̀n ọ́n níbùú. Kò bára mu: ọrùn náà ò ṣe róbótó mọ́. Ó yí bíárìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀: funfun ojú rẹ̀ ti bó, pupa abẹ́ rẹ̀ ti yọjú.

"Wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ dán rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Kí a tó bí ẹ."

Ó ṣí ìwé ẹ́ńjìnnì náà, ó tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó gbé kíráńkì lé orí igi méjì, ó fi aago ìwọ̀n tì í, ó ń yí i. Bàbá ò mí. Abẹ́rẹ́ aago ò mì.

"Kò tẹ̀ rárá. Ká ní ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí ni, ì bá ti tẹ̀, irin tó kù lára rẹ̀ ì bá má tó láti lọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ku lílọ̀ kan péré, a ó sì fi bíárìn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Ìyàwó kejì yín ò tíì lọ síbì kankan."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ wé ìró náà mọ́ ọn.

"Má tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ o!"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó gbé kíráńkì nàró sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀ tirẹ̀, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn bí ẹni gbé ìyá àgbà lọ sóde, ó sì wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ irin.