Kábà Èéfín

Dókítà ojú ní ohunkóhun tí Màámi bá fẹ́ rí, kí wọ́n tètè rí i. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé, ohun tó ń sọ yé mi.

Ogójì ọdún ni Màámi fi ránṣọ. Ní báyìí, wọn ò dá ojú èèyàn mọ̀ mọ́. Àwọ̀ tó bá pupa fòò tàbí tó funfun báláú nìkan ló ṣẹ́kù tí wọ́n ń rí. Èmi ọmọ wọn, ẹ̀tù ìbọn ni mo fi ń ya àwòrán. Màá po ẹ̀tù mọ́ àwọ̀, màá dì í sínú ìwé, màá so ó mọ́ wáyà lókè, màá wá ṣáná sí i lọ́sàn-án gangan kí èéfín gbé àwòrán náà jáde. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó ti lọ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, Màámi ò wá wò ó rí.

"Aṣọ tí mo bá rán," ni wọ́n máa ń wí, "wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́. Tìẹ dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọ eegun. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ mi kan ṣoṣo kí ojú wọn tó lọ, wọn ì báà gbà, wọn ì báà kọ̀. Mo pinnu láti ya kábà pupa kan tó ga tó ilé alájà méjì.

Òjò kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jò wọ ṣẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sọ ẹ̀tù tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pò di ẹrẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀."

"Ojú ta ló máa dúró di oṣù tó ń bọ̀?"

Mo kó ẹrẹ̀ yẹn dànù, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Òun náà ń bá mi gé ìwé, ó ń kùn bí ìkòkò tó ń hó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí a ti tún un bẹ̀rẹ̀, a gbé àga Màámi sí pápá ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì, níbi tó jìnnà síná dáadáa. Wọ́n ní oòrùn ń pa àwọn. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Mo ṣáná sí okùn tí iná máa gbà dé ibi ẹ̀tù lókè, mo sáré kúrò níbẹ̀. Ọrùn kábà ló kọ́kọ́ yọ, apá méjèèjì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ tú jáde, pupa yòò. Inú mi ń dùn. Mi ò wo òkè mọ́, Màámi ni mò ń wò. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n na ìka kan, wọ́n rọra ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ. Lójijì ni atẹ́gùn dé, èéfín tú ká, ojú ọ̀run sì mọ́ padà.

Àbúrò mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

"Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ," ni Màámi wí.

"Màámi, atẹ́gùn ló fà á."

"Kí ló kan oníbàárà kan atẹ́gùn?" Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n jókòó dáadáa. "Lọ tún un rán. Mò ń dúró."